Àdúrà Tí Mọ́mì Gbà Padà

Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ fi kí mi.

Ọ̀sán Sátidé ni. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Fayetteville, nítòsí Atlanta nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó bá fara pa lójijì máa ń sáré wá. Ó wọlé, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ẹrẹ̀ bo orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì di òkè ojú ọ̀tún mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Inú ti bí mi kó tó jókòó.

Dókítà ní kó fara balẹ̀, òun fẹ́ rán ojú náà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kàn án báyìí, ọkùnrin gìdìgbà yìí bá figbe ta. "Yéè! Ìyá mi o!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bùọ̀dá," mo ní. "Ta ló lù yín?"

Ó yà á lẹ́nu. Ó fi ojú kan tó ṣẹ́ kù wò mí. "Háà, ọmọ Yorùbá ni yín? Ẹ ṣeun, Aunty nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó lù mí o. Eré la ń ṣe."

"Irú eré wo ló ń ya èèyàn lójú báyìí?"

"Rọ́gbì ni."

Mo gbé àwo irin tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. "Ṣé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yẹn ni, tí wọ́n ń forí sọ ara wọn?"

"Rárá o! Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Tàwọn yẹn, wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á máa gbìmọ̀ bí ẹni ń ṣèpàdé ẹgbẹ́. Tiwa kì í dúró. Àwọn wọ àṣíborí, wọ́n ki nǹkan sí èjìká. Àwa, ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù lásán ni. Àwọn lè ju bọ́ọ̀lù síwájú. Tiwa, bó bá jẹ́ ọwọ́ lo fẹ́ fi jù ú, ẹ̀yìn ló máa lọ."

"Ẹ̀ ń sáré lọ síwájú, ẹ sì ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Abájọ tí ojú yín fi ya."

Ó rẹ́rìn-ín títí dókítà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, kí abẹ́rẹ́ má baà ṣìnà. Ọláníyì lorúkọ rẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ rọ́gbì lọ́dọ̀ àwọn ọmọ bárékè. Ìwé ló wá kà ní Atlanta, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní wíàháòsì kan ní Forest Park lọ́jọ́ tí kò bá ní kíláàsì. Kó tó lọ, ó tọrọ nọ́ńbà mi, mo sì fún un. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Irọ́ ni, mo mọ̀. Ojú kan yẹn tó fi wò mí ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ẹni tó bá ń ṣe eré tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn, kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé wá wí pé òun fẹ́ ọmọ.

Eli, àbúrò mi, ló fà á. Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní high school, òun ni wọ́n ń pariwo ládùúgbò wa tó bá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ wò ó. Mọ́mì á máa ké "Ọmọ mi nìyẹn!" títí ohùn rẹ̀ á fi há. Wọ́n á kọlù ú, á ṣubú, á dìde, á na àtàǹpàkò sókè sí wa: "I'm good!" Àwa náà á pàtẹ́wọ́. Mọ́mì tiẹ̀ máa ń wí pé àṣíborí ìgbàlà ló wà lórí ọmọ òun. Àṣé inú àṣíborí yẹn ni ọpọlọ ọmọ ti ń mì bí omi inú agbè.

Ó ti dàgbà báyìí, ó ti fi yunifásítì sílẹ̀, kò sì lè jókòó níbi tó bá mọ́lẹ̀ láìwọ awò dúdú. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, inú á bí i, á lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láti ìgbà yẹn ni Mọ́mì kì í ti í fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́. Ìyá tó jẹ́ pé orí wa ló máa ń gbọ́wọ́ lé láràárọ̀, tó bá kan Eli, ọwọ́ ọmọ náà ló máa ń dì mú gbàdúrà. Ẹ̀rù orí yẹn ń bà á. Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n mo rí i.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń forí ṣeré kì í ṣe àna mi," ni Mọ́mì máa ń wí. "Orí kan ni mò ń tọ́jú lọ́wọ́. Mi ò ní fi ìkejì kún un."

Síbẹ̀, mo lọ wo eré Níyì. Pápá kan ni ní Forest Park, níbi tí bàlúù ti ń fò kọjá lókè orí ẹni bí ẹni fẹ́ bà sórí ilé. Mo ní kí n lọ wá ohun tí mo máa fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Eré yẹn le. Wọ́n ń wọ́ ara wọn lulẹ̀, wọ́n ń tò jọ, wọ́n ń ti ara wọn bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eyín jẹ èékánná mi tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan forí gbá èjìká ẹlòmíràn, rẹfirí sì fọn fèrè lójú ẹsẹ̀ pé kó jáde lọ fún àyẹ̀wò. Ọkùnrin yẹn bẹ̀ títí, wọn ò dá a lóhùn. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n parí, àwọn tó borí àti àwọn tí wọ́n borí jókòó sídìí tábìlì kan náà, àwọn onílé sì bu oúnjẹ fún àlejò kó tó kàn wọ́n.

"Àṣà wa nìyẹn," Níyì wí. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ọ gba inú ẹrẹ̀ kọjá ló jókòó tì í. "Ẹni tó bá gbé ọ ṣubú, òun lo máa bá jẹun. Ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kọ́, tó jẹ́ pé wọn ò tíì fọwọ́ kàn ọ́, o ti ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ò ń sunkún."

"Má bú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá létí Dádì mi o. Ẹ̀sìn rẹ̀ kejì ni."

A ti fi "ẹ" sílẹ̀ láàárín ara wa nígbà yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ Eli fún un. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

"Níyì, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́," mo ní. "Bí nǹkan bá kàn ọ́ lórí, rẹfirí rí i o, kò rí i o, gbé ọwọ́ sókè kí o jáde."

"Mo ṣèlérí."

"Bó bá wá jẹ́ àṣekágbá ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ife ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ gbà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo ṣèlérí, ìfẹ́ mi."

Ìdákẹ́ yẹn ni mo gbé lọ sílé, kì í ṣe ìlérí náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa kò ṣeé fi pamọ́ mọ́, mo mú un lọ sílé wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Inú Mọ́mì dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ yìí taagun o," ó wí. "Ṣé kì í ṣe pé o wà lára àwọn tó ń kọlu ara wọn lórí pápá?"

Níyì la ẹnu. Òtítọ́ ló fẹ́ sọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ni mo bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ wéré: "Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló ń gbá, Mọ́mì. Ti ilé."

Dádì fò dìde lórí àga. Deacon Akínjídé tí kì í fò dìde fún ẹnikẹ́ni! "Bọ́ọ̀lù gidi! Ẹ ẹ̀ rí i? Bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀! Kì í ṣe èyí tó rí bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń há mọ́ abíyá sá kiri."

"Dad, abeg," Eli wí láti inú àga rẹ̀, awò dúdú lójú. "Soccer? Wọ́n máa sáré, sáré, sáré. Nil-nil. Everybody go home."

"Ìwọ dákẹ́. Nil-nil tó dùn ju ogójì sí ogún tiyín lọ."

A rẹ́rìn-ín. Mọ́mì wá dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé Níyì lórí níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Orí yìí, orí ire ni," ó wí. "Kò ní fọ́. Kò ní dàrú. Kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀, kò ní gbàgbé ilé. Ìwọ àti ọmọ mi lẹ jọ máa dalẹ́." Gbogbo wa ṣe àmín. Ti Níyì kò jáde dáadáa.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìbùkún, irọ́ lo fi gba àdúrà yẹn fún mi."

"Màá sọ fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Láìpẹ́."

Ẹ̀yin náà kúkú mọ "láìpẹ́" wa.

Kò pẹ́ tí Dádì fi pè é lórí fóònù. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ bá àwọn ẹ̀ka wa tó wà ní Covington gbá bọ́ọ̀lù, Níyì ló sì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn fún wọn. Kí ni kí ó sọ? Ó ní, "Ẹ ṣeun, Sà." Èmi ní kó ṣe ara rẹ̀ bí ẹni tó ní òtútù. Ó ní irọ́ kan tó òun í gbé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Covington. Mo jókòó ti Mọ́mì lábẹ́ agboòrùn, Eli wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fa fìlà bo ojú. Níyì ṣe jẹ́jẹ́. Ó ń ta bọ́ọ̀lù bí ẹni ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe jẹ́jẹ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúpẹ́.

Ni Pastor Ebenezer, olùṣọ́-àgùntàn àwọn Covington, bá gba bọ́ọ̀lù. Bàbá yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá bí ẹsẹ̀ ọmọdé. Ó yọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Níyì, ó kù òun àti gólì.

Dádì figbe ta. "Níyì! Dá a dúró! Má jẹ́ kó lọ!"

Ẹ gbà mí o. Ẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rọ́gbì. Níyì sáré tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fọwọ́ méjèèjì gbá itan ìránṣẹ́ Ọlọ́run mọ́ra, ó sì tẹ́ ẹ sórí koríko jẹ́ẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ìkókó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì tán. Ó dìde, ó fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, ó sì jù ú sẹ́yìn sí Dádì. Dádì gbá a mú, ó ń wò ó bí ẹni rí ẹyin nínú bàtà.

Eli ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "That's rugby! Mommy, ṣẹ́ ẹ rí bó ṣe gbé orí ẹ̀ kúrò? Orí ẹ̀ ò kan nǹkan. Rugby player ni guy yìí!"

Kò mọ̀ pé òun ti tú àṣírí.

"Ìbùkúnolúwa," Mọ́mì wí. Bó bá ti pe orúkọ mi pé báyìí, ilé ti ń jó nìyẹn. "Kí ni wọ́n ń pè ní rọ́gbì?"

Kí n tó dáhùn, Níyì ti sáré dé ọ̀dọ̀ wa, Pastor Ebenezer ń tẹ̀ lé e, ó ń gbọn koríko lára, ó ń wí pé kò sí wàhálà. Níyì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. "Mà, eré tèmi nìyẹn. Láti Kàdúná ni mo ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

"Mọ́mì, èmi ni mo purọ́," mo ní. "Òun fẹ́ sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ mi. "Ṣé ẹ máa ń kọlu ara yín níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé ẹ máa ń wọ àṣíborí?"

"Rárá, Mà."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. "Èyí tó wọ àṣíborí ńkọ́? Òun ló jókòó yìí." Ó na ọwọ́ sókè orí Níyì, kò fi kàn án. "Àdúrà tí mo gbà lé orí yìí, irọ́ ni wọ́n fi gbà á lẹ́nu mi. Mo gbà á padà."

Gbogbo ìjọ gbọ́. A ti gbọ́ pé wọ́n gba ẹrù ìdána padà rí. Ta ló gbọ́ rí pé wọ́n gba àdúrà padà? Ìtìjú bá mi débi pé mo ń wá ibi tí màá kó ojú sí.

Níyì pè mí lọ́jọ́ kejì. "Màá fi rọ́gbì sílẹ̀, Ìbùkún."

"Nítorí Mọ́mì?"

"Nítorí rẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju eré lọ."

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Inú bí mi ni. "Tó o bá fi sílẹ̀ nítorí mi, wàá máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí títí a ó fi hewú. Kì í ṣe eré yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Eli náà lè jáde nígbà yẹn, kò jáde. Bí wọ́n bá gbá ọ lórí, tí kò sẹ́ni tó rí i, ṣé wàá jáde? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó fẹ́ ọ. Mi ò lè máa tọ́jú ọkọ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, Níyì. Mi ò lè ṣe é."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ pé màá jáde. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

Mo pa fóònù, mo sunkún.

Eli ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. À ń jẹun ní tábìlì, ó ní, "Mommy, mo fẹ́ lọ wo rugby yẹn."

"Wo kí ni?"

"Níyì's team. Last game wọn ni Saturday. Ìbùkún ní tí wọ́n bá gbá ẹ lórí, wọ́n máa mú ẹ kúrò, whether you like it or not." Ó ń wá ọ̀rọ̀, a dúró dè é. "Èmi, nobody took me out. Mo ní I'm good, gbogbo yín ń... gbogbo yín ń clap."

Ṣíbí Mọ́mì dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jókòó níwájú mọ́tò kó tó di pé Dádì rí kọ́kọ́rọ́.

Bí a ṣe dé Forest Park, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Dádì páàkì síbi tó kọjú sí pápá, Mọ́mì sì ti wíńdò pa. Èmi, Dádì àti Eli dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ yẹn ló máa gbé ife.

"Kí ló dé tí ẹni yẹn ò ju bọ́ọ̀lù síwájú?" Dádì ń bínú. "Iwájú ṣófo!"

"Wọn kì í jù ú síwájú, Dádì."

"Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ara wọn." Síbẹ̀ kò yé wò.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí. Ẹgbẹ́ Níyì fi ìwọ̀nba léwájú, wọ́n sì ti lo gbogbo àwọn tó jókòó dè wọ́n tán. Ẹni tó bá jáde báyìí, àyè rẹ̀ ṣófo nìyẹn. Ọkùnrin ńlá kan láti apá kejì gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Níyì bẹ̀rẹ̀ láti gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Ọkùnrin náà yà lójijì, orúnkún rẹ̀ sì gbá Níyì ní ẹ̀bátí orí. Mo gbọ́ ọ. Mo búra fún yín, mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí.

Rẹfirí wà lódìkejì, àwọn èèyàn dí i lójú. Kò fọn fèrè. Níyì dìde. Ó ń nu ojú rẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan láti nù, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀ díẹ̀.

Eli bọ́ awò dúdú kúrò lójú nínú oòrùn gangan yẹn. "He's hurt," ó wí. "Ìbùkún, ó ti kàn án. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ó máa sọ pé he's good."

Mo la ẹnu kí n pè é. Eli gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. "Má pè é. Jẹ́ kó ṣe é fúnra ẹ̀."

"Eli, ọpọlọ rẹ̀ ni!"

"I know what it is."

Seth, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa, ń ké pè é: "Niyi! On me! One more!" Níyì rìn lọ síbi ìlà. Ó dúró sí àyè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ lé orúnkún. Mo wí nínú ara mi pé ó ti parí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń dùn mí nínú egungun, mo sì mọ̀ pé bó bá dúró síbẹ̀, mi ò ní fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí.

Níyì nàró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni gbàgbé ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó nà án gan-an, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Seth kígbe pé kí ló dé. Níyì mi orí díẹ̀díẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀bátí rẹ̀. Fèrè dún. Ó rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó kọjá ìlà, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Mo ti gbá a mú.

"Kí lorúkọ mi?" mo bi í. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì mi dúró ṣinṣin. Ọkàn mi kò dúró.

"Ìbùkún."

"Ibo la wà?"

"Kàdúná." Bàlúù kan kọjá lókè, ó gbójú sókè wò ó. "Rárá. Rárá o. Forest Park."

Àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni àwọn apá kejì gbà kọjá. A gbọ́ ariwo wọn. Ife ti lọ.

Seth ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo sì ti múra ìjà sílẹ̀ dè é. Ó lóṣòó, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo Níyì lára. "Right call, brother," ó wí. Ọkùnrin ńlá tí orúnkún rẹ̀ gbá a náà gbé àwo oúnjẹ àkọ́kọ́ wá, ó gbé e kalẹ̀ tì í. Níyì kò lè jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Mọ́mì dé, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. "Ìwọ lo gbé ọwọ́ yẹn sókè?"

"Èmi ni, Mà."

"Ta ló ní kí o gbé e?"

"Kò sẹ́ni, Mà."

"Wọ́n sì tìtorí ẹ̀ gba ife lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ má bínú."

Mọ́mì kúnlẹ̀ lórí koríko. Ó gbé ọwọ́ kan lé Níyì lórí, ó rọra bí ẹni ń wò ó bóyá oúnjẹ gbóná. "Àdúrà tí mo gbà padà," ó wí, "mo ti dá a padà síbẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí Eli kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Níyì. Ó ti tẹ orí ba. "Mommy. Èmi náà."

Ọwọ́ kejì Mọ́mì dúró lófuurufú. Mo rí i tó dúró síbẹ̀, mo sì ń gbàdúrà pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ sórí àbúrò mi, ó wọnú irun rẹ̀. Mọ́mì tó máa ń gbàdúrà títí oúnjẹ á fi tutù kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ ju "Orí ọmọ mi. Orí ọmọ mi" lọ. Dádì kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo bàlúù tí kò sí níbẹ̀.

Dádì ló wa mọ́tò lọ sí ọsibítù, Mọ́mì jókòó níwájú. Níyì gbé orí lé èjìká mi lẹ́yìn. Oòrùn ń dà á láàmú. Eli bọ́ awò dúdú rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú.

"Ìbùkún, ta ló borí?"

"Àwọn ni, ìfẹ́ mi."

"Háà." Ó tún orí rẹ̀ tẹ̀ mọ́ mi léjìká. "Ìbùkún, ta ló borí?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tún dá a lóhùn. Eli ní kí n fara balẹ̀, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tòun ni pé wọn ò gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ìbùkún, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹkún gbà mí lẹ́nu. A kọjá títì kan, a dúró níwájú iná pupa, iná di àwọ̀ ewé, a tún gbéra.

"Ìbùkún, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Mọ́mì yíjú padà láti iwájú. "Ìbùkúnolúwa, dá ọmọlọ́mọ lóhùn, jàre! Àbí o fẹ́ kó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni?"

"Màá fẹ́ ọ," mo wí, omijé ń já bọ́ sórí jákẹ́ẹ̀tì Seth. "Bí orí rẹ bá ti balẹ̀, màá tún un sọ, nítorí mo mọ̀ pé wàá gbàgbé."

Kò gbàgbé.